Alùpùpù Tí Wọ́n So Mọ́ Òpó Ẹṣin

Bùrémọ̀ gba alùpùpù Mọ́ríámọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gùn ún wò, kò sì dá a padà. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi iyọ̀ sí i, tí wọ́n fi epo sí i, tí wọ́n ní ọmọkùnrin náà kò ní èrò ibi lọ́kàn, tí wọ́n ní ọ̀nà ló tàn án. Ọ̀nà kò lẹ́nu. Ẹni tó bá gba ohun olóhun lójúmọmọ, tí olóhun sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń retí rẹ̀, ohun tó ṣe ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ, ká tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Mọ́ríámọ̀ yìí, ará Ayétẹ́dó ni, ìlú kékeré kan ní apá Òkè-Ògùn, níbi tí àpáta ti pọ̀ ju ilé lọ. Wàrà ló ń tà. Ìyá Oníwàrà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni yóò ti dé gáà, ibùdó àwọn Fúlàní, yóò gba wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn ìyàwó wọn, yóò sì gbé e kiri àwọn ìlú tó wà láyìíká kí oòrùn tó le, nítorí wàrà kò mọ sùúrù; bí oòrùn bá ti pa á, ó kan nìyẹn. Ọdún gbọọrọ ló fi fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí pẹ̀lú igbá lórí, títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi le bí awọ bàtà. Wàrà yìí kan náà ló fi ra alùpùpù, pupa fòò, tí ìjókòó rẹ̀ gùn tó ẹni méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, lórí pápá ilé ìwé, nígbà tí àwọn ọmọ gba ìsinmi. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, títí ó fi sú ilẹ̀ láti máa gbà á.

Ọkọ rẹ̀, Lámídì, àgbẹ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù alùpùpù náà bí ẹni bẹ̀rù ejò. Ọjọ́ kan péré ló jókòó sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ lórí rẹ̀, ojú ló sì dì pa títí wọ́n fi délé. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí alùpùpù yìí ti wọ ìlú, "ọ̀kadà Lámídì" ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Ayétẹ́dó. Bí Mọ́ríámọ̀ bá gùn ún kọjá, àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò yóò ní, "Ìyá Oníwàrà, ẹ rọra o, kí ẹ má ba ọ̀kadà baálé jẹ́." Bí ó bá ní òun lòun ni ín, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "A ti gbọ́. Ọkọ àti aya kò ní tèmi-tìrẹ." Nígbà tó jẹ́ igbá ló ń rù, kò sẹ́ni tó pe igbá náà ní igbá Lámídì. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ń dún, tó sì ń sáré, ọkùnrin ni wọ́n máa ń wá láti fi ṣe olóhun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Mọ́ríámọ̀ ju àárẹ̀ ẹsẹ̀ àtijọ́ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ọyẹ́ ti ń kógbá wọlé. Ìgbà tí èso àràbà máa ń là ni, tí òwú rẹ̀ ń fò kiri ojú sánmà bí ẹni pé ọ̀run ń hu irun funfun. Mọ́ríámọ̀ ti pín wàrà tán, ó ń bọ̀ wálé, ni alùpùpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́, ó sì kú sí ẹnu ìlú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tì í dé abẹ́ igi máńgòrò tí Bùrémọ̀ fi ṣe ìsọ̀.

Bùrémọ̀ nìyí, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún alùpùpù ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ó ń fẹ́ ọmọ kan ní Ìdí-Ayùn, abúlé tó wà lẹ́yìn odò, wọ́n sì mọ̀ pé kò tíì ní ìgboyà láti lọ fojú han bàbá ọmọ náà. Ẹni tó ń tún ti gbogbo ayé ṣe ni, ṣùgbọ́n òun alára kò ní alùpùpù.

"Ìyá wa, ẹ káàbọ̀," ni Bùrémọ̀ wí. "Kí ló ṣe ẹ̀rọ yín?"

"Ó ń wúkọ́."

"Ó fẹ́ mu tíì ni."

"Ṣe iṣẹ́ rẹ, Bùrémọ̀."

Bùrémọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó tú púlọ́ọ̀gì, ohun kékeré bí ìka ọwọ́ tó máa ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì. Èédú ti bò ó. Ó ha á, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìgbà tí èèyàn fi lè mu ọsàn kan tán.

"Ó ti parí," ni ó wí. "Ó ku kí n gùn ún wò."

Kò sí alátùn-únṣe kankan ní Ayétẹ́dó tí yóò dá alùpùpù padà láìgùn ún wò. Wọ́n ní etí nìkan kò tó, wọ́n ní ìdí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ pẹ̀lú. Gbogbo wọn ló sì mọ ibi tí wọ́n ti ń yí po: ìdí àràbà ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú. Wọn a dé ibẹ̀, wọn a yí igi náà ká, wọn a padà. Olóhun yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò máa fetí bá a lọ. Yóò gbọ́ bí ó ṣe ń lọ, yóò gbọ́ bí ó ṣe ń yí, yóò gbọ́ bí ó ṣe ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

"Lọ, kí o tètè bọ̀," ni Mọ́ríámọ̀ wí. "Àràbà o."

"Àràbà náà ni, Ìyá wa. Níbo ni mo tún fẹ́ gbé e lọ?"

Mọ́ríámọ̀ jókòó, ó fetí bá a lọ. Alùpùpù náà kò wúkọ́ mọ́. Ohùn rẹ̀ kúnná, ó ń lọ tín-ín-rín bí òwú tí ìyá arúgbó ń ran. Ó dé ìdí àràbà. Ó yẹ kí ohùn náà ṣẹ́ po níbẹ̀. Kò ṣẹ́ po. Ó ń nà síwájú, ó ń tín-ín-rín sí i, títí Mọ́ríámọ̀ kò fi mọ̀ bóyá alùpùpù ni òun ń gbọ́ ni tàbí kòkòrò inú koríko. Ó ní bóyá afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Ó ní yóò bọ̀. Ẹni tó ti jí kí àkùkọ tó kọ ni, òjìji máńgòrò sì tutù. Oorun gbé e.

Ó lálàá. Nínú àlá náà, igbá wàrà wà lórí rẹ̀ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n igbá náà kò wúwo, ó sì ń dún rìnrìnrìn lórí rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin gáà jáde, wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń bi í pé, ta ló ni igbá yìí? Ó la ẹnu láti dá wọn lóhùn, òwú ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń fò lọ. Wọ́n tún bi í. Òwú náà ló tún jáde.

Nígbà tí ó jí, òwú àràbà ti bà sí i lára, ó wà lórí itan rẹ̀, ó wà ní ètè rẹ̀. Òjìji ti fi í sílẹ̀ lọ, oòrùn wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ igi dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí Bùrémọ̀, kò sí alùpùpù. Ó tu òwú náà dànù, ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó dìde.

Ní ìdí àràbà, ilẹ̀ funfun báláú. Ojú ọ̀nà tí àwọn alátùn-únṣe ti fi táyà yí igi náà ká láti ọdún pípẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òwú ti bò ó, kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ lónìí. Ìlà kan ṣoṣo ló gba àárín òwú náà kọjá, tààrà, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka fa ìlà lórí èlùbọ́. Mọ́ríámọ̀ wo ìlà náà. Ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà náà gbé e dé ibi àpáta kan tí bàbá kan ti ń sá láfún. Láfún funfun, òwú funfun, gbogbo ibẹ̀ ń dán débi pé bàbá náà dà bí ẹni tó dúró sínú ìkùukùu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ǹjẹ́ ẹ rí ọ̀kadà pupa kan tó kọjá?"

"Mo rí i. Ọmọkùnrin kan ló gùn ún. Ó juwọ́ sí mi. Ọ̀kadà rẹ̀ mà dára o."

"Ọ̀kadà mi ni."

Bàbá náà gbójú sókè, ó wo bàtà rẹ̀ tó kún fún eruku. "Ṣé ọmọ rẹ ni ọmọkùnrin náà?"

"Kì í ṣe ọmọ mi."

"Ẹ̀ẹ́n." Bàbá náà dojú kọ láfún rẹ̀ padà. "Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní tìrẹ."

Mọ́ríámọ̀ fẹ́ ní òun ti ní tòun, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bá àdúrà jiyàn kò yé e. Ó ń lọ.

Ó dé odò. Àwọn obìnrin kan ń fọ aṣọ, wọ́n ti sá aṣọ aláràbarà sórí koríko. Bí ó ṣe bèèrè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ ìyàwó tó kọjá lẹ́ẹ̀kan?" ni ọ̀kan wí. "Ó ń kọrin lọ."

"Orin wo ló ń kọ?" ni èkejì rẹ̀ bi í.

"Ta ló gbọ́? Ọ̀kadà ń dún, ẹnu rẹ̀ ń mì."

"Ẹ̀yin ni ìyá ọkọ, àbí? Ẹ kú oríire. A ti kí i, a ní ọkọ ìyàwó, ojú rẹ̀ sì tàn bí àtùpà. Ọ̀kadà rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo ni ọ̀kadà náà," ni Mọ́ríámọ̀ wí. "Ó gbé e lọ ni."

Ẹ̀rín náà dákẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, aboyún, bu omi tó mọ́ láti òkè odò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ìyá wa, ẹ mu omi. Oòrùn ti pa yín."

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti ṣe Mọ́ríámọ̀. Ó mu omi náà, ó wo ojú odò, òwú ń ṣàn lọ lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì dà bí ẹni pé òun náà ń ṣàn lọ. Bí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà bá ti gbà pé ọmọkùnrin yẹn ló ni ín, ta ni ẹlẹ́rìí òun? Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gun alùpùpù náà wọlé. Kò rí i mú. Ó rí eruku, ó rí àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé nǹkan pupa kan, ṣùgbọ́n kò rí ojú ẹni tó gùn ún. Bóyá àwọn ará Ayétẹ́dó ló jàre. Bóyá òun kàn ń gbé igbá kiri ni, tí òun sì ń lálàá pé òun ń sáré.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Kókó kékeré kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀, níbi tí irin kílọ́ọ̀ṣì máa ń gbé bí èèyàn bá ń fún un kí ó tó pààrọ̀ jíà. Igbá kì í dá kókó sí ibẹ̀ yẹn. Lámídì kò ní irú rẹ̀. Ó di ẹ̀ṣẹ́ lórí kókó náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aboyún, ó la odò kọjá.

Ní Ìdí-Ayùn, agbo ilé bàbá ọmọ tí Bùrémọ̀ ń fẹ́ ni wọ́n ń pè ní Ilé Ẹlẹ́ṣin. Láyé ìgbà kan, ẹṣin ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ẹṣin tó kẹ́yìn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n òpó tí wọ́n ń so wọ́n mọ́ ṣì wà lágbàlá, àṣà wọn sì wà síbẹ̀. Bí ọkọ ìyàwó bá gun ẹṣin wá kí àna lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹṣin náà kì í padà lọ́jọ́ náà. Wọn yóò wẹ̀ ẹ́, wọn yóò so ó mọ́ òpó, wọn yóò fún un ní ọkà bàbà àti omi, yóò sì sùn sí agbo ilé. Bí ẹṣin bá jẹun, tó sì sùn, wọ́n gbà pé ọmọ àwọn náà yóò jẹun yó, yóò sì fọkàn balẹ̀ sùn nílé ọkọ. Kò sẹ́ni tó ti gun nǹkankan wá fẹ́ ọmọ wọn láti ìgbà tí ẹṣin ti tán. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń rìn wá.

Ohun tí Mọ́ríámọ̀ bá lágbàlá nìyí. Wọ́n ti wẹ alùpùpù rẹ̀. Wọ́n ti fi okùn so ó lọ́rùn mọ́ òpó ẹṣin. Igbá ọkà bàbà wà níwájú táyà rẹ̀, àwo omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, adìẹ kan sì ń rọra bá a jẹ ọkà náà. Bàbá arúgbó kan, Bàbá Gbàdàmọ́sí, olórí agbo ilé, ẹni tó bí ọmọ náà, jókòó sórí àpótí, ó ń wo alùpùpù náà bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ tó ti àjò dé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìyá Sàlámì, jókòó tì í. Sìfáwù, ọmọ tí wọ́n wá fẹ́, kúnlẹ̀, ó ń bu omi ìṣanwọ́. Lórí ẹní ni Bùrémọ̀ wà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó kún fún gíríìsì, ó ń jẹ iyán. Nígbà tí ó rí Mọ́ríámọ̀, òkèlè dúró sí agbede méjì abọ́ àti ẹnu.

Mọ́ríámọ̀ kúnlẹ̀, ó kí àwọn àgbà. Ìbínú kì í jẹ́ kí ọmọlúàbí gbàgbé orúnkún rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà."

"Kú àbọ̀, ọmọ mi," ni Bàbá Gbàdàmọ́sí wí. "Ó jọ pé o rìn jìnnà."

"Láti Ayétẹ́dó ni mo ti fẹsẹ̀ rìn, Bàbá."

"Kí ló dé tí o fi fẹsẹ̀ rìn?"

"Ohun tí mo máa ń gùn ló ń jẹ ọkà níwájú yín yẹn."

Adìẹ náà ṣì ń ṣa ọkà. Ìyá Sàlámì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Bí ó bá jẹ́ tìrẹ ni, níbo ni ọkọ rẹ wà? Kí ó wá gba ọ̀kadà rẹ̀."

"Ọkọ mi kò ní ọ̀kadà, Ìyá. Ọkọ mi ń sá fún un."

Sìfáwù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Obìnrin ló wá ni ín?" ni Ìyá Sàlámì tún bi í.

"Wàrà ló rà á. Èmi ni mo ta wàrà."

Bàbá Gbàdàmọ́sí yí ojú sí orí ẹní. "Bùrémọ̀."

"Bàbá."

"Nígbà tí o dé, mo bi ọ́ pé ta ló ni ẹṣin tuntun yìí. Kí lo wí?"

Bùrémọ̀ gbé òkèlè padà sínú abọ́. "Mo ní tiwa ni."

"Tiwa," ni Mọ́ríámọ̀ wí. "Ìwọ àti ta?"

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká délé."

"A ò tíì délé. Ibí ni o ti sọ ọ́, ibí náà ni wàá ti kó o jẹ."

Ọmọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Àràbà ni mo ní lọ́kàn, Bàbá. Nígbà tí mo débẹ̀, òwú ń já bọ́, ọ̀kadà náà ń lọ, kò fa ìjàngbọ̀n kankan, ó dà bí ẹni pé n kò sí lórí ilẹ̀ mọ́. Mo ní kí n kàn dé ibi àpáta. Mo dé àpáta, mo ní kí n dé odò. Àwọn obìnrin tó wà lódò pè mí ní ọkọ ìyàwó. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. N kò mọ̀gbà tí mo dé ibí. Mo kàn ń gùn ún wò ni."

Ohun tó dun Mọ́ríámọ̀ jù ni pé ọ̀rọ̀ náà yé e. Òun náà mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń rí ní ìdájí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń kọrin lábẹ́ èèyàn, tí ìkùukùu sì ń là sọ́tùn-ún sósì. Àlá rẹ̀ nìyẹn, èyí tí òun fi ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún rà. Ọmọkùnrin yìí wọ inú rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn, ó sì ní tiwa ni.

Bàbá Gbàdàmọ́sí kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ìgùnwò wo ló ń dé ilé àna?"

Bùrémọ̀ ti abọ́ iyán sẹ́yìn.

"Mo bi ọ́ léèrè ni. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gun ẹṣin wò. A ti gùn wọ́n wò rí nínú ilé yìí. A máa ń gùn ún dé ìdí igi, a máa ń gùn ún dé orí pápá. Ìgùnwò wo ló ń dé ilé àna, tó ń jókòó, tó ń jẹ iyán?"

Ìyá Sàlámì mira lórí ìjókòó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn, nítorí pé inú rẹ̀ ti dùn sí alùpùpù náà láti ìgbà tó ti wọlé.

"Ẹni yòówù kó ni ín," ni ó wí, "kò lè jáde lónìí. Ó ti jẹ ọkà wa. Bí ó bá jáde láìsùn, ọmọ wa kò ní rí oorun sùn nílé ọkọ."

"Ìyá, adìẹ ló jẹ ọkà yín," ni Mọ́ríámọ̀ wí. "Bí ẹ bá fẹ́ kí ohun tó jẹ ọkà sùn síbí, ẹ di adìẹ mọ́lẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ni ẹṣin lẹ fẹ́ fún lọ́mọ, ẹ jẹ́ kí Sìfáwù di ẹrù rẹ̀. Mo ní yàrá kan tó ṣófo."

Bàbá Gbàdàmọ́sí rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ìyá Sàlámì pàápàá kò lè fa ojú ro mọ́. Ṣùgbọ́n Mọ́ríámọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ dúró síwájú ẹní.

"Bùrémọ̀, n kò bá ẹ̀bẹ̀ wá. Ta ló ni ọ̀kadà yìí? Dìde, kí o sọ ọ́ kí gbogbo agbo ilé gbọ́."

Bùrémọ̀ dìde. "Ti Ìyá Oníwàrà ni."

"Ìyá Oníwàrà ní orúkọ."

"Ti Mọ́ríámọ̀ ni. Òun ló rà á. Èmi kàn ha púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ni."

Àwọn obìnrin ti yọrí jáde láti ẹnu ọ̀nà gbogbo. Wọ́n gbọ́. Mọ́ríámọ̀ lọ sí ìdí òpó, ó tú okùn náà, ó lé adìẹ.

Sìfáwù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kò tíì sọ ohun kan. "Bàbá," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí Bùrémọ̀ máa lọ. Ẹni tó jókòó síbí láti àárọ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fẹ́, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá lọ́jọ́ mìíràn, kí n lè mọ ẹni tó wá."

"O gbọ́?" ni Bàbá Gbàdàmọ́sí bi Bùrémọ̀. "Bí o bá sì ń bọ̀, mú ìdáhùn ìbéèrè mi dání. Bí kò bá sí ìdáhùn, má wulẹ̀ la odò."

Mọ́ríámọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó dágbére fún àwọn àgbà, ó gun alùpùpù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dún, kò wúkọ́. Kò wẹ̀yìn wo Bùrémọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fún un láyè lórí ìjókòó tó gùn tó ẹni méjì náà. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, ó sọ òwú tó ń fò di àwọ̀ oyin. Ọ̀nà ń ṣí níwájú rẹ̀ bí ẹní tí wọ́n ń tẹ́. Ní odò, àwọn obìnrin ti ń ká aṣọ wọn, wọ́n dúró, aṣọ dúró lọ́wọ́ wọn, aboyún náà sì rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, tiyín mà ni lóòótọ́."

Nígbà tí ó dé ibi àpáta, ó tẹ búréèkì. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá aláláfún ń kó láfún rẹ̀ sínú agbọ̀n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ta ló ni ọ̀kadà yìí?"

Bàbá náà wo alùpùpù, ó wo obìnrin tó wà lórí rẹ̀. "Ọmọkùnrin yẹn ti dá a padà fún ọkọ rẹ?"

Mọ́ríámọ̀ kò bínú. Kò sì lọ. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òwú ń bà sí orí àwọn méjèèjì. Ó ń wo bàbá náà lẹ́nu. Bàbá náà gbé agbọ̀n, ó gbé e sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Tìrẹ ni," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ilẹ̀ á mọ́ ire."

Ní ti Bùrémọ̀, wọ́n ní ó rìn dé etí odò lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń padà, nítorí kò rí ìdáhùn tí yóò mú dání. Ìbéèrè Bàbá Gbàdàmọ́sí ló la odò dípò rẹ̀. Ó dé Ayétẹ́dó, ó dé àwọn ìlú tó yí i ká, ó sì ń lọ títí di òní. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé, bí wọ́n bá fi ohun kan lé èèyàn lọ́wọ́ kó dán an wò, ìbáà ṣe oyè, ìbáà ṣe ilẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọlọ́mọ, tí ó wá fi ṣe tiwa-ni, àwọn àgbà kì í bú u. Wọn a fa àga jókòó tì í, wọn a pa á lówe fún un, wọn a sì máa wo ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dáhùn: ìgùnwò wo ló ń dé ilé àna?